Krib ni àbí taeniatus? Bẹ́ ẹ ṣe máa dá àwọn ẹ̀pìyà kékeré inú táńkì mọ̀ yàtọ̀ síra wọn

Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní krib yìí, táwọn èèyàn ń sìn nínú táńkì káàkiri London àti Amẹ́ríkà, odò tiwa ló ti wá. Pelvicachromis pulcher lorúkọ ẹ̀ gan-an, gúúsù Nàìjíríà nilé ẹ̀, nínú àwọn odò Niger Delta bíi Ethiope àtàwọn ìṣàn omi inú igbó tí ewé gbígbẹ àti igi wó lulẹ̀ bo ìsàlẹ̀ wọn, ó sì tún wà létí òkun lápá Cameroon. Ìdílé ẹ̀pìyà lòun náà, àmọ́ akọ ẹ̀ tó bá tóbi ò fi bẹ́ẹ̀ ju séńtímítà 10 lọ. Ohun tó wá ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé òun nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀, ó láwọn ìbátan, irú bíi Pelvicachromis taeniatus, tó jọ ọ́ débi pé èèyàn lè ra akọ ẹ̀yà kan mọ́ abo ẹ̀yà míì láìmọ̀, wọ́n á bímọ, àwọn ọmọ yẹn á máa káàkiri ọjà pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiwọn.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú: ẹ má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ara ẹja ṣe rí lẹ máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ìrù àti lẹbẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jókòó ti abo kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ wá béèrè ibi tí wọ́n ti kó o wá. Àwọ̀ ló gbẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, torí òun ló ń fa ìjà

Lọ́dún 1901 ni Boulenger tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù London fún pulcher àti taeniatus lórúkọ, ọdún kan náà ló tún fún ansorgii lórúkọ, a máa débẹ̀. Nígbà tó di 1911 ó sọ ẹja kan tó wá láti Cameroon ní kribensis, ìyẹn ní àdúgbò Kribi. Àwọn tó ń sin ẹja wá mú orúkọ kribensis yìí, wọ́n fi ń pe pulcher tiwa, ó sì mọ́ wọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn onímọ̀ ní kribensis àti taeniatus ẹ̀yà kan náà ni, àfìgbà tó di 2014 tí Lamboj àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún yà wọ́n sọ́tọ̀, tí wọ́n tún fún èyí tó wá láti odò Wouri lórúkọ tiẹ̀, Pelvicachromis drachenfelsi.

Kí lèyí kàn yín sí? Ó kàn yín torí pé tẹ́ ẹ bá rí "taeniatus Moliwe" tàbí "taeniatus Kienke" lára táńkì ẹni tó ń tajà, P. kribensis lèyí báyìí, ọmọ Cameroon ni. Tó bá kọ "Wouri", drachenfelsi ni. Tó bá jẹ́ "Nigeria red" ló kọ, taeniatus gangan ni. Tó bá wá kọ "kribensis" lásán láìfi nǹkan kan kún un, tówó ẹ̀ ò sì wọ́n, pulcher ni, ẹ má ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jẹ́ kára ẹja balẹ̀

Ẹja tó ṣì wà nínú náílọ̀n, ẹ má dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀rù á ti bà á, àwọ̀ ẹ̀ á ti ṣí, ìlà dúdú tó yẹ kó lọ láti ẹnu dé ìdí ìrù lè pòórá pátá tàbí kó já sí àmì wẹ́wẹ́. Ẹja tó wà nínú táńkì ṣọ́ọ̀bù tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ funfun, tí iná ń tàn ganran lé lórí, bákan náà ni. Ẹ gbé e dé ilé, ẹ fi yanrìn tó dúdú díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ fún un ní ewé àti ibi tó lè sá pamọ́ sí, èèpo àgbọn tẹ́ ẹ lu ihò sí tó o dáadáa, kẹ́ ẹ dín iná kù. Ẹ fi sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ máa fún un lóúnjẹ tó dáa, ìgbà yẹn ló máa tó fi ara ẹ̀ hàn yín.

Ọmọ ẹja tí ò tíì tó séńtímítà 3, ẹ máà fi dára yín láàmú rárá. Gbogbo wọn ló ní ìlà dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ló rí bákan náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè dá a mọ̀ ń fojú inú wò ó ni. Ẹ dúró kó dàgbà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya fọ́tò tó ṣeé wò

Kò séèyàn tó lè fi ojú lásán ka àmì tó wà lára ìrù ẹja tó ń sáré. Ẹ wá gíláàsì kékeré kan tó tín-ín-rín, tí ẹja ò ní lè yí padà bó ṣe wù ú nínú ẹ̀, ẹ bu omi táńkì ẹ̀ náà sí i, kẹ́ ẹ gbé nǹkan dúdú sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ lẹ rúlà mọ́ ara gíláàsì náà níta kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe gùn tó. Kí iná ti òkè wá, ẹ pa fúláàṣì fóònù yín torí ó máa ń jẹ́ kí ìpẹ́ máa kọ mọ̀nà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí á sọnù. Fídíò lèmi fẹ́ràn jù, ẹ ká a, ẹ wá dá a dúró níbi tí ẹja ti yà sí ẹ̀gbẹ́ tó sì la lẹbẹ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú gíláàsì yẹn o, tẹ́ ẹ bá ti rí i yà kẹ́ ẹ dá a padà sílé ẹ̀.

Ẹ ya akọ, ẹ ya abo, tó bá ṣeé ṣe ẹ yà wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fọ́tò akọ nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣé Pelvicachromis tiẹ̀ ni?

Èyí ṣe pàtàkì fẹ́ni tó bá ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àwọ̀n kó o látinú odò, torí oríṣiríṣi ọmọ ẹ̀pìyà ló máa wà nínú àwọ̀n kan.

Ọmọ ẹ̀pìyà ńlá, irú èyí tá à ń jẹ, máa ń ní àmì dúdú roboto kan níparí lẹbẹ orí ẹ̀yìn, ara ẹ̀ ga, ó sì pẹlẹbẹ. Hemichromis, tí wọ́n ń pè ní jewel, máa ń ní àmì dúdú ní àárín ẹ̀gbẹ́ àti òmíràn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá sì ti fẹ́ yé ẹyin gbogbo ara ẹ̀ ló máa ń pọ́n, akọ àti abo, kì í ṣe ikùn nìkan. Ìyẹn burú lọ́wọ́ gan-an, ẹ má gbé e sáàárín ẹja kéékèèké.

Èyí tó máa ń tanni jẹ ni Thysochromis ansorgii, ìkẹta àwọn tí wọ́n fún lórúkọ lọ́dún 1901. Ikùn abo tiẹ̀ náà máa ń pọ́n, òun náà ń gbé nínú odò tiwa, torí náà krib làwọn tó ń tà á máa ń pè é. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: àmì dúdú márùn-ún ló tò tẹ̀ lé ara wọn dípò ìlà kan tó gùn. Ẹ tún wo abo nítòsí ojú ìdí, níbi tí ikùn pípọ́n parí sí, àmì funfun kan máa ń wà níbẹ̀ tó ń dán. Tẹ́ ẹ bá ti rí méjèèjì, kì í ṣe Pelvicachromis.

Àwọn tó wá láti Guinea àti Sierra Leone tí wọ́n ń pè ní humilis, rubrolabiatus àti signatus ńkọ́? Láti 2016 wọ́n ti kúrò nínú Pelvicachromis, Wallaceochromis ni wọ́n báyìí. Wọn ò wọ́pọ̀ lọ́jà.

Ìgbésẹ̀ 4: Akọ àbí abo

Ẹ ò lè fi akọ pulcher wé abo taeniatus kẹ́ ẹ wá ní ẹ̀yà wọn yàtọ̀. Akọ máa ń gùn ju abo lọ, lẹbẹ orí ẹ̀yìn àti ti ìdí máa ń parí sí ṣóńṣó, ara ẹ̀ sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́. Abo kúrú, ó kún lára, ẹnu lẹbẹ ẹ̀ rí roboto, lẹbẹ abẹ́ ikùn ẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ elésèé àlùkò.

Ẹ ṣọ́ra ní ohun méjì níbí. Àkọ́kọ́, akọ pulcher kan wà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pupa, òmíràn wà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ yẹ́lò. Ìyá kan ló lè bí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, àìmọye èèyàn ló sì ti tà wọ́n bí ẹja méjì. Ìkejì, omi tó bá kan, tí pH ẹ̀ lọ sílẹ̀, máa ń jẹ́ kí akọ pọ̀ láàárín àwọn ọmọ pulcher. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ra ọmọ ẹja tó jẹ́ pé akọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹ má rò pé ẹ̀yà míì tí abo ẹ̀ ò ní àwọ̀ lẹ rà, omi tí wọ́n bí wọn sí lẹ máa béèrè.

Ìgbésẹ̀ 5: Ara, ìrù, ìpẹ́

Ibí gan-an niṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ gbé fọ́tò akọ yín síwájú. Pulcher kún, àyà ẹ̀ nípọn, láti ẹ̀yìn orí dé ikùn ga. Taeniatus tẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré sí i, akọ ẹ̀ sábà máa ń wà ní bíi séńtímítà 8, abo ẹ̀ bíi 6, nígbà tí abo pulcher lè tó 7 tàbí 8. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan, ojú yín ò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ìpẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọ. Lára taeniatus, etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń dúdú, tó fi jẹ́ pé ẹ lè máa ka ìpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò. Lára pulcher ara máa ń dán lọ gbéré, ìlà dúdú tó gba àárín kọjá àti èyí tó wà lókè ẹ̀yìn lẹ máa rí, pẹ̀lú ibi tó mọ́lẹ̀ láàárín méjèèjì. Àmì tó dá mi lójú jù nìyí lára akọ, mo sì máa ń wò ó kí n tó wo ìrù.

Ìrù wá. Ìrù akọ pulcher, àárín ẹ̀ máa ń yọ síta bí orí ọ̀kọ̀. Lápá òkè ìrù yẹn àmì dúdú máa ń wà, roboto, tí àwọ̀ góòlù yí i ká. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìyẹn ò jẹ́ ẹ̀rí lásán fúnra ẹ̀, torí akọ pulcher míì ò ní ẹyọ kan, òmíràn ní mélòó kan, apá ọ̀tún lè má bá ti òsì dọ́gba lára àwọn ìyókù. Akọ taeniatus náà ní àmì lápá òkè ìrù tó máa ń yẹ́lò, tiẹ̀ sábà máa ń kéré, ó sì máa ń tò. Ẹni tó bá ní "ó ní àmì lára ìrù, krib ni", kò tíì sọ nǹkan kan.

Tí ìrù akọ bá rí roboto pátápátá láìsí ibi tó yọ síta, tí akọ náà sì ti dàgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìbátan wọn míì tó ń jẹ́ subocellatus. Gabon dé Congo nilé ìyẹn. Èyí tó jọ ọ́ tó wá láti Nàìjíríà, P. silviae, 2013 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ, kó tó dìgbà náà "ẹja tó jọ subocellatus" ni wọ́n kàn ń pè é.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ jókòó ti abo

Àwọn èèyàn máa ń ya fọ́tò akọ torí lẹbẹ ẹ̀ gùn, abo ni wọ́n ń kọjá lára ẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, abo ló ń parí ọ̀rọ̀.

Ìgbà tó bá ń wá ọkọ ni kẹ́ ẹ wò ó. Abo ló máa ń lọ bá akọ lára àwọn ẹja yìí, á sún mọ́ iwájú akọ, á yà sí ẹ̀gbẹ́, á tẹ ara ẹ̀ kọdọrọ títí ikùn á fi yọ síta, á wá máa gbọ̀n jìgìjìgì níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo àmì tó ní á jáde. Tẹ́ ẹ bá ti fóònù sílẹ̀ níwájú táńkì, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn tó yín.

Abo pulcher: ikùn pupa tó jinlẹ̀ sí elésèé àlùkò, kò dé orí kò dé ìdí ìrù, ó dúró sí ikùn. Lẹbẹ orí ẹ̀yìn ẹ̀ ní àwọ̀ góòlù tó gbòòrò láti iwájú dé ẹ̀yìn, nígbà míì àmì dúdú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á wà lápá ẹ̀yìn lẹbẹ náà. Abo taeniatus: ara ẹ̀ kéré, ikùn ẹ̀ sábà máa ń fà sí elésèé àlùkò ju pupa lọ, ó sì máa ń dán. Abo subocellatus àti silviae lẹ ò lè ṣì mọ̀: ikùn pupa yẹn ní funfun tó ń dán bíi fàdákà níwájú àti lẹ́yìn ẹ̀, tó bá wá ń wá ọkọ, orí àti ìdí ẹ̀ á dúdú, àárín á wá mọ́ gedegbe. Mi ò rí ẹja kékeré kankan tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà kan tún wà, P. sacrimontis, ọmọ Nàìjíríà lòun náà, 1977 ló gba orúkọ, ó jọ pulcher jù nínú gbogbo wọn, ó sì máa ń bá pulcher wọ inú páálí kan náà lọ sókè òkun. Nípa ti ìyẹn, fọ́tò nìkan ò tó, ẹ fi ìgbésẹ̀ tó kàn kún un.

Ìgbésẹ̀ 7: Níbo ni wọ́n ti kó o?

Ẹ béèrè orúkọ odò. Ẹ má gbà "Nigeria" nìkan, ẹ má gbà "West Africa". Ẹni tó kó ẹja látinú odò fúnra ẹ̀ máa mọ ibi tó ti kó o, tó bá sọ fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Odò kan sí èkejì, àwọ̀ taeniatus máa ń yàtọ̀, ìdí nìyẹn táwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀yà, tí wọn ò sì ní mú èyí tó ti odò kan wá pọ̀ mọ́ ti odò míì bó ti wù kí wọ́n jọra tó.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wà ní London tàbí Atlanta tẹ́ ẹ ra krib ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí wọ́n bí nínú táńkì ni, ó ti pẹ́ tí ìyá ìyá ẹ̀ ti kúrò ní Nàìjíríà, tí wọ́n ti ń bí i níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja fún títà ní Ásíà tàbí Yúróòpù. Ẹ ò lè rí orúkọ odò gbà. Ìyẹn ò burú, pulcher lẹ máa kọ, ó tán. Àfín ẹ̀ náà wà lọ́jà dáadáa, tí gbogbo ara ẹ̀ funfun sí yẹ́lò tí ikùn abo sì ṣì pupa, pulcher lòun náà, kì í ṣe ẹ̀yà tuntun.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé epo rọ̀bì ti ba ọ̀pọ̀ omi jẹ́ ní Niger Delta, àwọn èèyàn sì ń kọ́lé lé àwọn ìṣàn omi kéékèèké lórí. Ẹja tó ní orúkọ odò ẹ̀ lára, tí a ò pò pọ̀ mọ́ òmíràn, ṣeyebíye, ó yẹ kó jẹ́ pé àwa la máa mọ̀ ọ́n sìn jù.

Àwọn ramirezi tún ńkọ́?

Ẹ̀pìyà kékeré lòun náà, South America ló ti wá, ìdàrúdàpọ̀ tiẹ̀ ò pọ̀. Mikrogeophagus ramirezi wá láti Venezuela àti Colombia, altispinosus wá láti Bolivia. Altispinosus ló tóbi jù, etí lẹbẹ ẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, kò sì ní búlúù wíníwíní tó ń dán káàkiri ara bíi ti ramirezi. Àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abo ramirezi sábà máa ń ní ìpẹ́ búlúù nínú, ikùn ẹ̀ sì ní píńkì. Ó tán.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ pinnu, tàbí kẹ́ ẹ dúró

Ẹ to ohun tẹ́ ẹ rí síbì kan: bí ara ṣe nípọn tó, etí ìpẹ́, bí ìrù ṣe rí, àwọ̀ lẹbẹ ẹ̀yìn abo, ohun tó yí ikùn abo ká, odò. Tí gbogbo ẹ̀ bá tọ́ka síbì kan náà, ẹ kọ orúkọ náà mọ́ ara táńkì. Tí akọ bá ń sọ pulcher tí abo ń sọ nǹkan míì, ẹ̀yà méjì lẹ ní lọ́wọ́, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, torí tí wọ́n bá rí ihò kan tí wọ́n jọ wọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn, ẹyin á pa ní bí ọjọ́ mẹ́ta, tó bá máa fi pé ọ̀sẹ̀ kan ó lé díẹ̀ ọmọ á ti máa lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ìyá wọn.

Èyí tó bá ṣì ń rú yín lójú, ẹ kọ "Pelvicachromis" nìkan, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ ti rà á àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á kún un. Ẹni tó bá wá rà á lọ́wọ́ yín, orúkọ yẹn náà lẹ máa fún un, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dídùn gba "taeniatus" lẹ́nu yín torí owó ẹ̀ ga jù.